Àpò Sìmẹ́ńtì Tí Ìyá Ìbejì Dá Padà

"Ohun tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bá bò, òkè á tú u." Kò sí ẹni tó gbé Òkè-Agídí rí tí kò gbọ́ òwe yìí. Àwọn àgbà ń fi í dá ẹjọ́, àwọn ìyá ń fi í kìlọ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Àwọn kan á ní ọdẹ kan ló pa á láyé ọjọ́un, nígbà tí ẹranko ń fọhùn. Irọ́ ni. Ẹnu obìnrin kan tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ló ti jáde, ọkọ̀ oníná ló sì fà á. Kò pẹ́ púpọ̀, kò sì dùn ún gbọ́. Bó ṣe rí náà ni ká sọ ọ́.

Morádékẹ́ ni orúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ni gbogbo ayé ń pè é. Ìdó-Odò ló ń gbé, ní ìsàlẹ̀ Òkè-Agídí, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ó sì ń ta sìmẹ́ńtì. Láti ọjọ́ tó ti bí Táyé àti Kẹ́hìndé ló ti ń pa òfin kan mọ́, òfin tí kò sí ìyá ìbejì tí kò mọ̀ ọ́n: ohun tí o bá ṣe fún ọ̀kan, ṣe é fún èkejì. Bó bá ra bàtà fún Táyé, á ra irú rẹ̀ gan-an fún Kẹ́hìndé. Bó bá na Kẹ́hìndé, á na Táyé pẹ̀lú, bí Táyé ò tilẹ̀ ṣẹ̀.

"Ìbejì kì í jowú ara wọn," ló máa ń wí, "àfi bí ìyá wọn bá kọ́ wọn."

Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà, iṣẹ́ ìyá wọn ni wọ́n ń bá a ṣe. Àwọn ló ń gbé sìmẹ́ńtì gun òkè lọ fún àwọn tó ń kọ́lé lókè lọ́hùn-ún. Epo wá gbówó lórí débi pé ọkọ̀ àtijọ́ ò pa èrè kankan mọ́. Morádékẹ́ bá lọ sọ́dọ̀ Lásùnkànmí, ọkùnrin tó ń ta píkọ́ọ̀pù oníná, ọkọ̀ akẹ́rù tí kì í mu epo, tó jẹ́ iná mànàmáná ló ń lò. Méjì péré ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Funfun ni méjèèjì. Ojú kan náà, àga kan náà, ẹ̀yìn gbalasa kan náà.

"Màmá, ẹ wò wọ́n dáadáa," ni Lásùnkànmí wí. "Wọ́n jọra ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Eléyìí tó ní àmì pupa lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì méjì ló ní. Ọ̀kan ń yí taya iwájú, ọ̀kan ń yí taya ẹ̀yìn. Èkejì, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, iwájú ló sì wà. Lójú títì tó tẹ́, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ di ẹrù sí i lẹ́yìn, kí ẹ kọjú rẹ̀ sókè nígbà òjò. Iwájú á fúyẹ́, taya á kàn máa yí lófo ni."

"Wá alámì pupa kejì fún mi."

"Ó di ọdún tó ń bọ̀, Màmá, bí ọkọ̀ ojú omi bá tún kó wọn dé."

Morádékẹ́ dúró, ó ń wo ọkọ̀ méjèèjì. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ máa wakọ̀ tuntun, kí èkejì máa wò ó títí di ọdún tó ń bọ̀? Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Kí ó sì fún ọ̀kan ní alágbára, kí ó fún èkejì ní èyí tó kéré, kí wọ́n sì mọ̀? Ìyẹn tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Lẹ àmì pupa mọ́ èyí náà lẹ́yìn," ló wí.

"Màmá, àmì kì í gbé ẹrù."

"Ṣé ìwọ lo bí wọn fún mi ni? Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, jàre."

Lásùnkànmí lẹ̀ ẹ́. "Ẹ ṣáà sọ fún ẹni tó máa wà á," ló wí.

"Màá sọ."

Kò sọ. Táyé, tó jẹ́ oníwàǹwára láti kékeré, ló kọ́kọ́ fò sínú ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ rí i pé alágbára ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó lanu, ó sì tún pa á dé.

Ní Ìdó-Odò, ọkọ̀ méjèèjì ń sáré bákan náà. Òkè nìkan ni wọ́n ti ń yàtọ̀. Bí Táyé bá ti gbéra, ó ti dé orí òkè nìyẹn. Kẹ́hìndé á máa fà bọ̀ lẹ́yìn, taya rẹ̀ á máa pariwo. Àwọn alábàárù sọ ọ́ di àwàdà.

"Kẹ́hìndé, sọ̀ kalẹ̀ kí o tì í!"

Táyé náà á bá wọn dá sí i. "Ẹ fi í sílẹ̀. Inú ikùn ló ti ń fi mí ṣíwájú."

"Èmi ni mo rán ọ níṣẹ́, ọmọdé yìí," ni Kẹ́hìndé máa ń dá a lóhùn. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń wọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù.

"Màámi, ṣé irú kan náà ni ọkọ̀ tèmi àti ti Táyé?"

"Ọyàn kan náà lẹ mu," ni Morádékẹ́ dáhùn, kò gbójú sókè. "Ọkọ̀ kan náà ni mo rà."

"Á jẹ́ pé ẹsẹ̀ tí mo fi ń wakọ̀ ni kò dáa."

Ìyá rẹ̀ ń wọ́n omi lọ. Láti ọjọ́ náà ni Kẹ́hìndé ti ń wakọ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ jà.

Òjò wá dé. Ọ̀gbàrá wọ́ amọ̀ pupa bo títì òkè náà. Oníbàárà kan lókè ránṣẹ́ pé àwọn kọ́lékọ́lé òun ti jókòó, wọ́n ń retí sìmẹ́ńtì. Àwọn alábàárù di ẹrù kan náà sí ọkọ̀ méjèèjì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Morádékẹ́ jáde síta, ó wo ojú ọ̀run, ó wo òkè. Ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ Kẹ́hìndé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àpò kalẹ̀.

Kẹ́hìndé rí i. "Màámi, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Ilẹ̀ ń yọ̀. Mo fẹ́ dín in kù ni."

"Ṣé ẹ máa dín ti Táyé náà kù?"

Ó tún fa àpò kan mọ́ra. Ọ̀kan nínú àwọn alábàárù pariwo: "Ìyá Ìbejì, ẹ kúkú ra ọmọlanke fún un!" Ẹ̀rín sọ. Kẹ́hìndé kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ̀yin náà ti gbè sẹ́yìn wọn," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin náà gbà pé n ò lè wà á."

Àpò kan ṣì wà ní àyà Morádékẹ́. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ: kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ, ọmọ mi, ọkọ̀ ni. Ó wo Táyé, ó wo Kẹ́hìndé, ó rántí àmì tó ní kí wọ́n lẹ̀. Ojú tì í. Ó gbé àpò náà padà sórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣa ìyókù nílẹ̀, ó dá gbogbo wọn padà.

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé, ọkọ̀ méjèèjì sì kọjú sí òkè. Ti Táyé ń gùn ún bí ewúrẹ́. Nínú dígí ni Morádékẹ́ ti ń wo ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí òkè náà ti dúró ṣánṣán, ó rí taya iwájú ọkọ̀ Kẹ́hìndé tó ń yí, tó ń yí, tó ń ta ẹrẹ̀ sókè, ọkọ̀ náà kò sì kúrò lójú kan.

"Ẹ wo ọ̀lẹ, Màámi," ni Táyé wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Dúró," ni ìyá rẹ̀ wí. "Táyé, dúró!"

Ọkọ̀ ẹ̀yìn ti ń yọ̀ padà. Kẹ́hìndé tẹ bíréèkì, taya dúró, ṣùgbọ́n amọ̀ kò dúró. Ọkọ̀ náà yí ìdí síbi kòtò ẹ̀bá títì, ó sì dojú dé sínú rẹ̀.

Ó ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tú bò ó láti orí dé àyà, òjò sì ń rọ̀ sí i. Morádékẹ́, tó ti ń po sìmẹ́ńtì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ló ń fi ọwọ́ nù ún kúrò lójú ọmọ rẹ̀ kó tó gan.

Táyé dúró lẹ́yìn ọkọ̀ tó dojú dé náà. Àmì pupa ti ṣí létí kan. Ó fà á, ó sì bọ́ sí i lọ́wọ́ bí èèpo egbò. Lábẹ́ rẹ̀, gọ́ọ̀mù nìkan ló wà, kò sí ihò bóòtù kankan. Ó gbójú sókè wo ọkọ̀ tirẹ̀ tó dúró lójú títì, tí wọ́n fi bóòtù de àmì tirẹ̀ mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ní láti là á yé e pé wọ́n kàn lẹ àmì mọ́ ọkọ̀ Kẹ́hìndé kó lè jọ tòun ni.

"Màámi, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"N ò fẹ́ kí ẹ yàtọ̀ sí ara yín."

Táyé wo àbúrò ikùn rẹ̀ tó máa ń pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, nílẹ̀ níbẹ̀. "Bí ẹ bá ti sọ fún wa ni, èmi ì bá gbé ẹrù tiẹ̀. Ǹ bá kàn lọ, ǹ bá padà wá gbé ìyókù ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n sin Kẹ́hìndé. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn ò jẹ́ kí ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Àwọn èèyàn ń wá kí i. Baba kan jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ ìtùnú fún un: ikú kì í mọ olówó, ẹlẹ́dàá ló mọ ìdí, àmúwá Ọlọ́run ni.

"Ẹ fi Ọlọ́run sílẹ̀, baba," ni Morádékẹ́ wí. "Ọlọ́run kọ́ ló lẹ àmì mọ́ ọkọ̀. Ohun tí mo bò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, òkè ti tú u."

Baba náà ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ilé yẹn, òwe sì ni láti ìgbà náà.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà Òkè-Agídí bá rí ẹni tó ń fi ìfẹ́ bo òótọ́, tó ń mú kí aláìlágbára jọ alágbára kí ojú má baà tì í, tó sì tún fẹ́ di ẹrù kan náà rù ú, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn ní, "Ohun tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bá bò, òkè á tú u." Kí wọ́n tó di ẹrù ni wọ́n ń pa á. Lẹ́yìn tí ẹrù ti dànù ni Morádékẹ́ pa tirẹ̀.