Lẹ́tà Ojú Ìwé Mẹ́rin

Ọ̀rọ̀ Akínlàjà ti sú Ìyá Morónfólú, alága àdúgbò. Láti oṣù mẹ́ta tí afárá odò wọn ti já, tí àwọn ọmọ iléèwé ń wọ́dò lọ, ni ìyá ti ní kí akọ̀wé àdúgbò yìí kọ lẹ́tà sí kánsù. Akínlàjà, tó ń há ọ̀rọ̀ mẹ́wàá sórí nínú díṣọ́nárì láràárọ̀, kọ ojú ìwé mẹ́rin lédè Òyìnbó. Nígbà tó kà á nípàdé, kò yé ẹnikẹ́ni, ni gbogbo wọn bá pàtẹ́wọ́. Lójú tiwọn, gírámà tí kò yéni ló ń dẹ́rù ba ìjọba.

Èsì dé wàyí, ìlà kan péré, ní Yorùbá: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fẹ́?"

"Akínlàjà," ni ìyá wí, "ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Gírámà tó o yá wọ̀ yìí ti gbé gbogbo wa ṣubú. Kọ ọ́ pé afárá wa já."

Akínlàjà họrí. "Mà, ìyẹn ti kéré jù. Ẹ jẹ́ kí n yẹ díṣọ́nárì wò."

Ìyá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́ ìbéèrè kánsù gan-an ló kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà sí, ó sì dá ìwé wọn padà fún wọn.

Nígbà tí wọ́n tún afárá náà ṣe tán, Akínlàjà ló kọ́kọ́ gbà á kọjá, díṣọ́nárì lábíyá.