Ìkúnlẹ̀ Àjùwọ̀n

Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Àjùwọ̀n, awakọ̀ tó fi ọkọ̀ pa Ṣẹ̀san, bá agbẹjọ́rò ìjọba ṣàdéhùn. Ó gbà pé òun sáré jù, wọ́n sì dín ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù sí oṣù mẹ́ta. Nígbà tó jáde, ó lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá Ṣẹ̀san.

Ìyá ní, "Ta ló fi ewé dí ọmọ mi lẹ́nu nígbà tó ṣì ń mí?"

 Àjùwọ̀n fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín, mà?"

"Ṣẹ̀san fúnra rẹ̀ ni. Ó dúró sẹ́yìn rẹ."

Àjùwọ̀n bú sẹ́kún. "Èmi ni, ìyá."

Ìgbà náà ni orúnkún rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn dé àgọ́ ọlọ́pàá.