Bọ́ọ̀sì Oníkápẹ́ẹ̀tì Pupa

"Èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀." Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí? Ó dáa. Níbo ló ti ṣẹ̀ wá? Háà, gbogbo ẹnu ti pa mọ́! Àwọn kan á ní inú ilé ìdáná ni. Mi ò bá wọn jà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi, inú bọ́ọ̀sì ni, lọ́nà Mọ́níyà n'Ìbàdàn. Ẹni tó bá sì gbọ́ ọ tán, kò ní sùn nínú mọ́tò mọ́.

Awakọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Mùfútáù. Ọlọ́yàyà ni, ó mọ èèyàn pè: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé! Ìyàwó mi, sún mọ́ inú!" Ṣùgbọ́n sàlẹ́ńsà tó ń gbé èéfín bọ́ọ̀sì rẹ̀ jáde ti já, ilẹ̀ mọ́tò sì ti dípẹtà, ó ti lu ihò tó tó àwo ìjẹun lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì kìlọ̀ fún un: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má fi gbé èèyàn o. Èéfín ń wọlé."

Mùfútáù ní òun ti gbọ́. Ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó lọ ra kápẹ́ẹ̀tì! Pupa, tó nípọn bíi ti yàrá ìyàwó tuntun. Ó tẹ́ ẹ bo ihò, ó fọ́n lọ́fíńdà sí i. Àwọn èrò ń wọlé, wọ́n ń bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Mùfú, ìwọ nìkan lo mọyì èèyàn."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ńlá ká wọn mọ́ Òjóò. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa, àfi ti Mùfútáù tó ṣí sílẹ̀ kó lè rí ọ̀nà. Lẹ́yìn pátápátá, ọmọ oṣù mẹ́rin kan ń ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì wọ́n, lẹ́bàá fèrèsé tó ń jò, tí atẹ́gùn díẹ̀ ń gbà wọlé, ni Màmá Ṣégilọlá, tó ti ń yan ẹja láti ìgbà èwe rẹ̀. Níwájú, olóògùn kan ń polówó: "Oògùn yìí, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń lé ẹ̀yìn ríro, ó ń lé àna tó bá pẹ́ nílé!"

"Ìyá ọmọ, fún un lọ́mú jàre," ni ọkùnrin kan wí. "Etí mi fẹ́ di."

Kò pẹ́, ọmọ dákẹ́. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun." Ó tún ṣe díẹ̀, olóògùn yán. Ó ní, "Oògùn yìí, ó ń lé..." Kò sọ ohun tó ń lé. Ó rọra jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún ní Ọlọ́run ṣeun. Ẹ gbọ́ o: bọ́ọ̀sì Ìbàdàn, èrò méjìdínlógún, ẹnikẹ́ni ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ò tíì bà yín?

Ẹ̀rù ba Màmá Ṣégilọlá. Orí ń fọ́ ọ, ó sì mọ irú orí fífọ́ náà: irú rẹ̀ ló ṣe é lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn ahéré ẹja tì mọ́ ọn nínú èéfín. Ó wo ìyá ọmọ, ó ti sùn. Ọmú ṣì wà lẹ́nu ọmọ, kò mu ún. Màmá gbé apá ọmọ náà sókè, apá já wálẹ̀ bí aṣọ tútù.

"Mùfú, dúró! Òkú lò ń gbé lọ!"

"Ẹ jókòó, Màmá. Oorun òjò ni."

Màmá ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ìgò ńlá kan ti yí kúrò lọ́wọ́ olóògùn dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e, ó fi gbá fèrèsé. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, gíláàsì fọ́ yángá, òjò rọ́ wọlé. Àìsàn kan ṣoṣo tí oògùn yẹn wò sàn láyé nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni Mùfútáù tẹ bíréèkì. Ó bojú wẹ̀yìn. Orí gbogbo èrò ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Àwọn tó lè rìn wọ́ àwọn tí ò lè rìn sínú òjò. Wọ́n ń bì, wọ́n ń pe Ọlọ́run. Ìyá ọmọ lajú, ó ní, "Ọmọ mi dà?" Màmá ti tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó ń gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ ò mira. Ọkùnrin tó ní etí òun fẹ́ di kúnlẹ̀ nínú àgbàrá. "Ké, ìyá mi. Jọ̀ọ́, ké. Jẹ́ kí etí mi di."

Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ni ọmọ húkọ́, ó figbe ta.

Mùfútáù ti dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Màmá, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀!"

Màmá padà sínú mọ́tò, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Èéfín rú látinú ihò, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, gbogbo èrò rí i.

"Ihò yìí ni o ò mọ̀, àbí kápẹ́ẹ̀tì tó o tẹ́ lé e?"

Mùfútáù fi ọwọ́ bojú.

"Èéfín nìwà, Mùfú. Kò ṣeé bò mọ́lẹ̀."

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ń fi ọ̀yàyà àti aṣọ ńlá bo ìwà burúkú, tó rò pé ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, òwe yìí làwọn àgbà máa ń pa fún un: bó pẹ́ bó yá, yóò hàn. Ní tèmi o, bí mo bá wọ mọ́tò tó ní kápẹ́ẹ̀tì, mo máa ń ká a wò kí n tó jókòó. Bí ọmọ bá sì ń ké níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa ké.