Ewúrẹ́ Ìyá Ìjọ àti Ajá Tí Kò Nílé

Ààlọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sórí ẹní!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbéregbère, ó já sẹ́nu ọ̀nà Ewúrẹ́, ìyá ìjọ.

Òjò ti ṣú, ọmọ ajá kan tí kò nílé sì ń gbọ̀n níbẹ̀. Bí kò bá ríbi wọ̀ lọ́jọ́ náà, àgbàrá á gbé e lọ. Ewúrẹ́ rí i pé àwọn aládùúgbò ń wò, ló bá pariwo: "Máa bọ̀, ọmọ mi! Èmi mọ Ọlọ́run."

Ajá wọlé, ó tọ̀ sórí ẹní. Ewúrẹ́ ní, "Mo dárí jì ọ́." Ajá bù ú jẹ létí. "Mo tún dárí jì ọ́, àmọ́ mò ń kà á o." Ajá fa ìborùn ìsìn rẹ̀ ya. Ewúrẹ́ gbé igi láti lé e sínú òjò, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọlọ́run, wo ajá yìí!
*Sùúrù mi tán!*
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹ̀ mí!
*Sùúrù mi tán!*

Bó ṣe lanu gbàgà, gbodo, iṣu gbígbẹ tó jí níbi tí Àgùntàn aládùúgbò rẹ̀ sá a sí lórí àpáta, tó fi pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́, bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ ya ẹnu tiyín kí n wò ó.

Ajá ní, "Ìyá ìjọ, láti àárọ̀ tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ tí ẹ tọrọ àforíjì gbodo yìí lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Àrá kù lókè, kò sán pa Ewúrẹ́. Ó rọra gbé igi sílẹ̀.

Títí dòní, Ajá ṣì ń tọ̀ sórí ẹní, Ewúrẹ́ ṣì ń jí gbodo, Ọlọ́run ò sì tíì lé ẹnì kankan nínú wọn síta.