Ọkọ̀ Tó Máa Ń Súfèé Gun Òkè

Ohùn tí ọmọ fi jáde nílé ni kó fi wọlé. Bí ẹ bá dé Ìdófin-Òkè, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbàlagbà kan. Wọ́n á sọ ọ́ wẹ́rẹ́, wọ́n á sì dákẹ́, bí ẹni tó gbé nǹkan ẹlẹgẹ́ kalẹ̀ tí kò fẹ́ kó fọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ló ń pa á láìmọ ibi tó ti wá. Àwọn kan rò pé ọba ayé àtijọ́ kan ló pa á fún ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sógun. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Kò sí ọba níbẹ̀, kò sì sí ogun. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan ló bí òwe náà, obìnrin afọ́jú kan ló sì kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́.

Morádéyọ̀ ni orúkọ obìnrin náà. Ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn lórí òkè, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ parí sí, tí àpáta ńlá kan dúró lẹ́yìn ilé bí ẹni tó kẹ̀yìn sí gbogbo ìlú. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ojú rẹ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣú díẹ̀díẹ̀, kó tó wá di pé kò rí ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Akíntádé, ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Àkúrẹ́. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń wa ọkọ̀ rẹ̀ wá sílé wá wo ìyá rẹ̀.

Ọkọ̀ náà kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ gé kúrú bí àkùkọ tí wọ́n fa ìrù rẹ̀ tu, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń ṣí sókè. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ju bó ṣe rí lọ, nítorí pé ó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré kan tí èéfín ọkọ̀ ń yí, tó sì ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ̀ náà bá ń gun òkè, tọ́bò yìí á máa súfèé tínrín. Ẹlòmíràn kì í gbọ́ ọ. Morádéyọ̀ máa ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún. Yóò gbé ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò fi ọwọ́ tọ ògiri dé ibi géètì, yóò sì fa ọ̀pá irin tó fi ń tì í. Bí Akíntádé bá fi máa dé iwájú ilé, géètì ti ṣí, ìyá rẹ̀ ti dúró ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"A kì í súfèé wọlé," ló máa ń sọ. "Ta ló kọ́ ọkọ̀ rẹ ní ìwàkiwà yìí?"

"Ẹ bá mi nà án, Màmá. Kò gba ẹ̀kọ́ ilé."

Ìyá á fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí ọkọ̀ náà pẹ́ẹ́, wọn á sì jọ rẹ́rìn-ín wọlé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ọkùnrin kan wa ọkọ̀ wá sí ẹnu géètì, ó ní ìjọba ìbílẹ̀ ló rán òun wá ka iye ènìyàn tó wà nínú ilé. Morádéyọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ó tó mọ̀, ọkùnrin náà ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ tí òkú ọ̀run fi jẹun láyé. Obìnrin náà jókòó sí ibi tí ẹ̀rọ náà máa ń wà, ó ń fi ọwọ́ wá a nílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí Akíntádé gbọ́, ó gbé ògiri ilé ga sí i, ó sì fún ìyá rẹ̀ ní òfin kan.

"Màmá, ẹ má ṣílẹ̀kùn fún ohùn tí ẹ kò bá mọ̀ mọ́. Ó dìgbà tí ẹ bá gbọ́ ìfé ọkọ̀ mi lórí òkè."

"Mo ti gbọ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ní Àkúrẹ́, Akíntádé ní àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ ju oúnjẹ lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, wọn á kó ara wọn jọ síbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ṣí iwájú ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, wọn á sì máa fi ẹ́ńjìnnì wọn bú ramúramù. Ọkọ̀ Akíntádé lè fi gbogbo wọn sẹ́yìn lójú títì, ṣùgbọ́n kò ní ohùn tó ṣe é fi yangàn.

"Darandaran ti dé!" ni Dípọ̀ máa ń pariwo bó bá ti rí i. "Akin, ewúrẹ́ mélòó lo fi ìfé yẹn dà wá lónìí?"

"Máa rẹ́rìn-ín lọ. Ṣé o ti lé mi bá rí?"

"Mi ò lé ẹ bá rí. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé o kọjá?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Akíntádé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ta ló mọ̀ pé o kọjá? Ó bá a dé ibi iṣẹ́, ó bá a dórí ibùsùn. Ó wá dà bíi pé ìgbé ayé rẹ̀ pátá ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọkọ̀. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, kó tó gba ọ̀nà ilé, ó yà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Gàníyù.

Iṣẹ́ sàlẹ́ńsà nìkan ni Ọ̀gá Gàníyù ń ṣe, ìyẹn àgbá irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń pa ẹ́ńjìnnì lẹ́nu mọ́. Irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun, iná tí wọ́n fi ń jó irin sì ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó to sàlẹ́ńsà mélòó kan sílẹ̀ lórí pákó, ó ń fi irin kékeré lu ara wọn níkọ̀ọ̀kan kí Akíntádé lè gbọ́.

"Tọ́bò fẹ́ kí èéfín rí àyè jáde," ó wí. "Òótọ́ nìyẹn. Páìpù tí wọ́n fi sábẹ́ ọkọ̀ rẹ tóóró jù. Bí o bá gbà mí láyè, màá fi èyí tó fẹ̀ sí i, màá sì fi sàlẹ́ńsà rẹ sílẹ̀ síbi tó wà. Ọkọ̀ á mí dáadáa, kò sì ní pariwo. Èyí tó tẹ̀ lé e yìí, á máa kùn bí ẹkùn tó sùn. Ìyẹn náà ṣe é gbà."

"Ìyẹn ńkọ́?" Akíntádé na ìka sí páìpù gígùn kan tó gbára lé ògiri, tí kò ní àgbá kankan lára.

Ọ̀gá Gàníyù wo páìpù náà. "Ìyẹn kò ní sàlẹ́ńsà rárá. Páìpù lásán ló lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò fi bẹ́ẹ̀ fi agbára kún èyí tí mo kọ́kọ́ wí. Ariwo ló fi kún un."

"Òun ni mo fẹ́."

"Ta ló ń retí ọkọ̀ yìí nílé?"

Akíntádé rò pé ọ̀gá náà ń ṣàwàdà ni. "Ìyá mi nìkan."

"Ṣé o ti sọ fún un?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ṣé ìyá mi ló ń wa ọkọ̀ ni?"

Ọ̀gá Gàníyù mú dígí ìbojú rẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó parí, ó gbé sàlẹ́ńsà àtijọ́ náà kọ́ sórí ìṣó lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní, "Má gbàgbé o. Bí o bá sáré dé ibikíbi, má pa á lójijì. Jẹ́ kí tọ́bò mí fún ìṣẹ́jú méjì kó o tó pa á, kó má baà jó."

Akíntádé mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tẹ ọkọ̀, gbogbo páànù àtíbàbà náà gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn bí ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n rìn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ṣú. Òjò oṣù Agẹmọ tí kì í pọ̀, tí kì í sì í dá, ń rọ̀ wínníwínní, ìkùukùu sì bo orí àpáta. Morádéyọ̀ jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó ń fetí sílẹ̀ de ìfé. Ohun tó gbọ́ kì í ṣe ìfé. Ariwo kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ariwo tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó kọlu àpáta, àpáta dá a padà, ó wá dà bíi pé ọkọ̀ mẹ́rin ló ń bọ̀ láti ọ̀nà mẹ́rin. Ó dé ẹnu géètì, kò sì padà sẹ́yìn. Ó dúró síbẹ̀, ó ń bú.

Lóde, Akíntádé jókòó sínú ọkọ̀, ó ń jẹ́ kí tọ́bò mí. Ẹnu yà á pé géètì kò tíì ṣí. Ó yọ orí síta, ó kígbe, "Màmá! Èmi ni!" Òun alára kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó rò pé bóyá ìyá rẹ̀ sùn lọ. Ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, gidigidi, kí ìyá rẹ̀ lè gbọ́ bí ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ti dàgbà tó.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, ó pa á. Ibi gbogbo dákẹ́. Ó gbọ́ òjò lórí ewé kòkó. Ó pe ìyá rẹ̀, kò gbọ́ èsì. Nígbà tó gun ògiri wọlé, ó bá ẹ̀gúsí tó fọ́n ká gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Òkúta ni àtẹ̀gùn tó gba ẹ̀yìn ilé lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wọn, Ìyá Ọmọ́tọ́lá, òjò sì ti mú kó yọ̀. Nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn náà ni Morádéyọ̀ wà, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ṣì di ìdí aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni tó ń sáré.

Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ara àgbà kì í tètè gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Nígbà tó rí i pé òun kò ní dìde mọ́, ó ní kí wọ́n gbé òun padà sílé. Ìyá Ọmọ́tọ́lá ló ń wẹ̀ ẹ́, tó sì ń fún un lóúnjẹ. Akíntádé ń wá lọ́jọ́ méjì-méjì. Ìsàlẹ̀ òkè ló ń gbé ọkọ̀ náà pamọ́ sí, ẹsẹ̀ ló sì fi ń gòkè.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mo mọ ọwọ́ rẹ. Ta wá lẹni tó wá sí géètì mi lọ́jọ́ òjò yẹn?"

Ìyá Ọmọ́tọ́lá rọra gbé àwo kúrò nílẹ̀, ó jáde.

"Màmá, èmi ni."

"Kì í ṣe ìwọ. Ọkọ̀ ọmọ mi kì í bú mi."

"Mo yí ohùn rẹ̀ padà ni. Ẹ dákun, Màmá. Ẹ dárí jì mí."

Morádéyọ̀ kò jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn ká ní ó bínú. "Ìwọ lo ní kí n má ṣílẹ̀kùn fún ohùn tí n kò mọ̀," ó wí. "Mo kàn gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu ni." Nígbà tó yá, ó tún wí pé, "Akíntádé, ohùn tí ọmọ fi jáde nílé ni kó fi wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni afọ́jú yóò fi mọ̀ ọ́n? Lọ, kó o padà wá bó o ṣe máa ń wá. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lórí òkè."

Ọjọ́ Ẹtì ló dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Gàníyù. Sàlẹ́ńsà náà ṣì wà lórí ìṣó, aláǹtakùn ti hun ilé sí i lẹ́nu. Ọ̀gá náà wo ojú rẹ̀. Ó gbé sàlẹ́ńsà náà sọ̀kalẹ̀, ó fi èkísà nù ún, ó sì wọ abẹ́ ọkọ̀. Títí di ìdájí Sátidé ló fi ṣe é, nítorí pé kò fẹ́ kí àyè kankan ṣẹ́kù tí ariwo lè gbà jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ̀ kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ń súfèé. Akíntádé ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀. Ó dé iwájú géètì, ó sì dúró kí tọ́bò mí. Ojú rẹ̀ wà lára géètì. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìṣẹ́jú kejì kọjá. Ó pa ọkọ̀, kò sì sọ̀kalẹ̀, nítorí pé kò tíì sí ìgbà kan rí tó wọ ilé yẹn láìjẹ́ pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, àyàfi ọjọ́ kan.

Níkẹyìn, ó gbọ́ tí ọ̀pá irin náà ń ró. Géètì ṣí. Ìyá Ọmọ́tọ́lá ló dúró níbẹ̀, kò wé gèlè, kò sì wọ bàtà.

"Ó gbọ́ ọ," ó wí. "Akin, ó gbọ́ ọ. O ṣì wà ní ìsàlẹ̀ tó ti gbé orí sókè, tó ní, 'Ó ti dé.' Ó na ọwọ́ báyìí, ó fa nǹkan kan lójú afẹ́fẹ́, bí ẹni tó ń fa ọ̀pá géètì. Ọwọ́ náà ni kò gbé padà mọ́."

Akíntádé ti dàgbà báyìí. Ọkọ̀ náà ti di ìpẹtà lẹ́yìn ilé, koríko ti hù gba inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò pẹtà. Bí ọmọ kan bá lọ sí ìdálẹ̀, tó yí èdè padà, tó yí ìwà padà, tó wá dé pẹ̀lú ariwo, tó sì ń bínú pé àwọn ará ilé kò sáré wá pàdé òun, àwọn àgbà Ìdófin-Òkè kì í bá a jà. Wọ́n á kàn wò ó pẹ̀lú àánú, wọn á ní: ohùn tí ọmọ fi jáde nílé ni kó fi wọlé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó fẹ́ràn rẹ jù lọ lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kó máa fetí sílẹ̀ dè ọ́, kó sì máa sá fún ọ.