Afárá Mẹ́rìnlá ní Ẹ̀bá Ààlà

Ọkùnrin kan wà tí oko rẹ̀ àti ti obìnrin opó kan jọ pààlà. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ oko, kò sì sí ẹni tó lè pè é ní ọ̀lẹ. Ìṣirò ni àìsàn tirẹ̀. Bó bá ti gbé ọkọ́ sílẹ̀, iye ebè tó kọ ni yóò máa kà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan lè wá jí ebè gbé lọ.

Ní ọdún kan, ó gbọ́ pé pákó afárá ń tà wàràwàrà lọ́wọ́ àwọn onígẹdú. Ó pinnu láti gbin igi afárá mẹ́rìnlá sí ààlà oko. Ní agbègbè wọn, igi tó bá dúró lórí ààlà gan-an, ti ẹni méjèèjì ni. Wọn a jọ gbìn ín, wọn a jọ tọ́jú rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì gé e, wọn a pín in sí méjì. Ohun tí opó náà rò pé wọ́n fẹ́ ṣe nìyẹn. Ó tilẹ̀ gbé ọkọ́ tirẹ̀ wá.

Ó ní, “Bàbá Ọlátóún, ẹ jẹ́ ká jọ gbìn ín sórí ààlà. Ibòji rẹ̀ á kàn yín, á kan èmi náà. Tá a bá tà á, ká pín in.”

Ọkùnrin náà wo ààlà, ó wo obìnrin náà, ó sì ṣírò. Ìdajì igi mẹ́rìnlá, igi méje péré ni. Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá Adérónmú. Màá dá a gbìn.” Ó gbé ìṣísẹ̀ kan wọ inú ilẹ̀ tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sí, kó lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Obìnrin náà gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Afárá kì í pẹ́ ga. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin, ibòji ti bo ebè tó wà létí ààlà, iṣu ibẹ̀ sì rí tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Ọkùnrin náà kà á: ọgọ́ta ebè ló ṣòfò. Ó dùn ún wọra. Ló bá dọ́gbọ́n. Ó gun igi, ó fi àdá rẹ́ gbogbo ẹ̀ka tó nà sí oko tirẹ̀, ó sì fi àwọn tó nà sí oko opó náà sílẹ̀. Ó tún gbẹ́ yàrà tóóró sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ láti fi gé gbòǹgbò. Nígbà tí àwọn igi náà ga jù, ó fi igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ gùn wọ́n. Kò sí ọdún tó fò láìrẹ́ ẹ̀ka. Ọgọ́ta ebè rẹ̀ padà sípò, ibòji sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Opó náà wá bá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní, “Ẹ̀gẹ́ mi ò ta mọ́ lábẹ́ igi yín o.”

Ọkùnrin náà ní, “Igi ni, kì í ṣe èmi. Ibi tó bá wù ú ló ń na ọwọ́ sí.”

Kò sí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Obìnrin náà kò padà wá mọ́. Ó lọ wá ọmọ kòkó, nítorí kòkó fẹ́ràn ibòji nígbà tó bá kéré, ó sì gbìn wọ́n sábẹ́ ẹ̀ka àwọn afárá náà.

Ogún ọdún kọjá. Ọkùnrin náà ti ń kọ́ ilé alámọ̀ oníyàrá mẹ́fà; ó kù kó kan òrùlé, owó tán. Òjò ọdún méjì ti rọ̀ sórí ògiri. Bírìkìlà sọ fún un gbangba pé bí òjò ọdún kẹta bá bá ilé náà láìní páànù, wíwó ni yóò wó. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣebí ó ní igi mẹ́rìnlá. Bí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, ó ránṣẹ́ pe onígẹdú.

Onígẹdú dé tòun ti ẹ̀rọ agégi léjìká. Ó yí igi àkọ́kọ́ po, ó gbójú sókè, ó tún yí i po. Ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀.

“Bàbá, ta ló rẹ́ ẹ̀ka igi yìí?”

“Èmi ni.”

“Ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ká ní ó dúró gbọọrọ ni, orí ààlà ni mi ò bá tẹ́ ẹ sí, kò ní fara kan ẹnikẹ́ni. Gbogbo ẹrù rẹ̀ ti wà lápá kan báyìí. Ọ̀hún ló máa wó sí.”

“Tá a bá fi okùn fà á ńkọ́?”

“Okùn wo ló máa fa eléyìí? Ta ló ni kòkó yẹn?”

Ọkùnrin náà mọ ẹni tó ni ín. Ó dúró, ó ń wo èso kòkó tó pọ́n lára igi, ojú sì tì í.

Ó lọ sílé opó náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Igi yín lè wó sórí ilẹ̀ mi. Òjìji rẹ̀ ti ń sùn níbẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ ẹ máa san kòkó mi, àti èyí tó yẹ kó so títí òmíràn á fi dàgbà.”

Wọ́n pe àgbà méjì tó mọ oko. Àwọn wọ̀nyí ka kòkó tó máa bà jẹ́, wọ́n ṣírò rẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì. Owó igi mẹ́sàn-án bá kòkó lọ. Márùn-ún ló kù fún onígi.

Páànù tó rí rà kò ju ti yàrá méjì lọ. Òjò ọdún kẹta dé, ó sì kó yàrá mẹ́rin yòókù wálẹ̀.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, o fẹ́ kí èrè iṣẹ́ rẹ jẹ́ tìrẹ nìkan. Wàhálà rẹ̀ ńkọ́? Ò ń tì í sọ́dọ̀ ẹni tó wà nítòsí rẹ, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, o sì ń pè é ní ọgbọ́n. Jáde lọ wo ohun tí o gbìn, kí o wo ibi tó tẹ̀ sí. Ọ̀dọ̀ ẹni náà gan-an lo máa lọ tọrọ àyè lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kórè.