Fèrè Tó Wọ́n Lọ́jà Gbàǹjo

Àwọn àgbà a máa sọ pé, "Àìbára-ẹni-sọ̀rọ̀ ló ń mú ọjà gbàǹjo wọ́n." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, àbí? Ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pa òwe náà ló rò pé ayé àtijọ́ ló ti wá, nígbà tí wọ́n ń lu agogo láàárín ìlú kí wọ́n tó ta ẹrù onígbèsè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òwe yìí kò tíì pẹ́ láyé rárá. Orí fóònù ni wọ́n bí i sí, ní Ìkìrun, obìnrin aránṣọ kan tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí ló sì wà nídìí rẹ̀.

Bàbá Ìbíyẹmí, Ọlátúbọ̀sún, jẹ́ afọnfèrè nígbà èwe rẹ̀. Fèrè idẹ ni, èyí tí àwọn olórin ń pè ní tùrọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Kò sí òde ijó kan tó lórúkọ láti Òṣogbo dé Ọ̀fà tí kò fọn ọ́n dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé fèrè náà lọ sí Èkó, ọwọ́ òfo ló sì gbé bọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ orin mọ́. Àwọn ọmọ kàwé, wọ́n sì mọ ohun tí bàbá wọn tà kí wọ́n lè kà á.

Ó wá di ọdún tí ìyá wọn kú. Adégòkè tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tó ń ṣe tíṣà n'Íbàdàn, ní òun máa mú bàbá lọ sọ́dọ̀ òun. Ìbíyẹmí ní bàbá kò ní fi Ìkìrun sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀, ẹyin sì ni ohùn: ó balẹ̀, ó fọ́, kò ṣeé kó mọ́. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ wá kí bàbá, èkejì á ti rọra jáde. Bàbá ń wò wọ́n níran, kò bi ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Rísíkátù, ọ̀rẹ́ Ìbíyẹmí tó ń ta fóònù àlòkù ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ń fi ọjà gbàǹjo kan hàn án lórí ayélujára. Níbẹ̀, wọ́n á gbé àwòrán ẹrù síta, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á dá iye tó lè san, ẹlòmíràn á dá owó lé e, títí aago tí wọ́n fi sí i yóò fi parí. Ẹni tí owó rẹ̀ bá wà lókè nígbà náà ló ni ẹrù. Wọ́n ń wo àga, wọ́n ń wo ìkòkò, àfi bí Ìbíyẹmí ṣe já fóònù gbà. Fèrè idẹ kan ló rí. Ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú lápá kan, ẹnìkan sì ti fi ìṣó kọ "Túbọ̀" sí ara rẹ̀.

"Fèrè bàbá mi nìyí," ló wí. "Túbọ̀ ni wọ́n ń pè é lóde ijó."

Ó dá owó lé e lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹnìkan dá owó lé tirẹ̀. Ó tún fi kún un, ẹni náà tún fi kún un. Ọjà náà kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ta ni ẹni yìí? Ṣé òyìnbó kan tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ni? Ṣé olórin ńlá kan l'Ékòó? Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀sán nìkan ni ẹni náà máa ń yọjú, àti pé díẹ̀díẹ̀ ló ń fi kún owó, bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

"Ẹni yìí kì í ṣe olówó," ó sọ fún Rísíkátù. "Ó ń ṣírò kó tó tẹ̀ ẹ́."

"Bí kì í bá ṣe olówó, kí ló fẹ́ fi fèrè tó ti tẹ̀ ṣe?"

Ìbéèrè yẹn bá Ìbíyẹmí dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń rò ó títí ó fi rán apá bùbá oníbàárà kan sódì.

Rísíkátù ló wá fún un nímọ̀ràn. "Ò ń fi ọwọ́ rẹ hàn jù. Ẹni tó fẹ́ mú adìẹ kì í ju òkò sí i. Dákẹ́. Jẹ́ kó rò pé o ti sá. Nígbà tí aago bá ku bí ìgbà tí èèyàn sín, kí o wá tẹ̀ ẹ́."

Ìbíyẹmí dákẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó di ọ̀sán tí ọjà máa parí, ó ti kọ iye tó fẹ́ dá sílẹ̀, ó ku kó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo owó tó tọ́jú láti fi tún òrùlé ìsọ̀ rẹ̀ tó ń jò ṣe ni. Aago ń sáré lọ sópin. Ẹni kejì náà dákẹ́, èyí sì bà á lẹ́rù ju ariwo lọ. Lójijì, owó fò sókè ní fífò tí kò fò rí. Ẹni náà ti ń dọdẹ aago bíi tirẹ̀. Ìbíyẹmí tẹ̀ ẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń yí, ó ń yí. Nígbà tó máa dúró, aago ti kú, owó Ìbíyẹmí ló sì wà lókè.

Rísíkátù pàtẹ́wọ́. Ìbíyẹmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń ṣe é bí ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Nígbà tí fèrè dé, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e lọ sílé bàbá. Kò tíì tú u tí Adégòkè fi wọlé. Ìbíyẹmí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Adégòkè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, kò wo ojú àbúrò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mo rí fèrè yín lórí ayélujára. Gbogbo owó tí mo fẹ́ fi ra alùpùpù ni mo dá lé e. Nígbà tó ku díẹ̀ kó bọ́ sí mi lọ́wọ́, ẹnìkan tí kò lójú àánú já a gbà."

Ìbíyẹmí gbójú sókè. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ọ̀sán lẹ máa ń dá owó náà?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìjà wọn nìyẹn. Adégòkè yíjú. "Ìgbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá jáde eré ni. Kí ló dé?"

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ó tú aṣọ náà. "Èmi lẹni tí kò lójú àánú náà, sà."

Bàbá na ọwọ́, ó gba fèrè, ó fi àtàǹpàkò pa ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ta ló tún dá owó lé e, yàtọ̀ sí ẹ̀yin?"

Wọ́n ka gbogbo owó tó wà lórí fóònù, oníkálukú mú tirẹ̀. Kò sí ti ẹlòmíràn.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Àlòkù ni fèrè yìí nígbà tí mo rà á. Ẹni tó tà á fún mi fẹ́ẹ̀ dúpẹ́ pé mo bá òun gbé e kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni gbogbo ọjà. Àìbára-ẹni-sọ̀rọ̀ ló mú un wọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi."

Adégòkè wo ilẹ̀. "Òrùlé ìsọ̀ rẹ ńkọ́?" ó bi àbúrò rẹ̀. "Bàbá sọ fún mi pé ó ń jò."

"Ó ṣì ń jò, sà."

"Owó alùpùpù ṣì wà lọ́wọ́ mi. A ó jọ wò ó."

Bàbá gbé fèrè sẹ́nu. Èémí rẹ̀ kò tó ti àtijọ́ mọ́. Ohùn kan péré ló jáde, ó sì wọ́. Àmọ́ àwọn ọmọ méjèèjì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dìde lọ.

Ìbíyẹmí ròyìn rẹ̀ fún Rísíkátù, Rísíkátù ló gbé ọ̀rọ̀ bàbá yìí dé ọjà, ọjà ló sì gbé e dé ibi gbogbo. Lónìí, bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá ń lépa ilẹ̀ kan náà lábẹ́lẹ̀, tàbí tí ọ̀rẹ́ méjì ń ná ara wọn lówó nítorí ohun tí wọn ì bá jọ ní, àgbà tó bá wà níbẹ̀ á pè wọ́n jókòó, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ohun tí oníkálukú ń wá, nítorí pé àìbára-ẹni-sọ̀rọ̀ ló ń mú ọjà gbàǹjo wọ́n.